Òjò Àkọ́kọ́: Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ẹ̀gbẹ́ Ààlà Méjèèjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sùn ní ìpínlẹ̀ kan, tí ẹ sì ń jí lọ kọ́ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kejì, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá bá mi ní ìloro ilé mi ní Ìlá, tí ẹ ń bi mí pé ta ni yóò ran ẹni tí ilé rẹ̀ wà níhìn-ín, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún lọ́wọ́. Ìbéèrè náà dàgbà jù yín lọ. Èmi náà bi í nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó sì kù díẹ̀ kí ìdáhùn rẹ̀ pa ènìyàn.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá mi kú; ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ajíbóyè, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kan òrùlé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé onípáànù tí ó wà ní Ìlá nígbà náà; mo dọ̀bálẹ̀; ó gbà mí; ó tán. Ní ọdún kìíní, n kò fọwọ́ kan ayùn. Mo ń gbá èérún igi, mo sì ń na ìṣó tí ó ti wọ́ lórí òkúta títí àtàǹpàkò mi fi dúdú. Bí mo bá bèèrè ìgbà tí n óò gé igi, Ọ̀gá a ní, “Igi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí o bá ti gé e kúrú, bí o sunkún, kò ní gùn. Kọ́ láti máa wò ná.”

Ọ̀gá kì í pariwo. Bí iṣẹ́ wa bá wọ́, yóò gbé òòlù, yóò tú u palẹ̀, yóò sì jókòó. A ó tún un kàn. Mo rántí ilẹ̀kùn kan tí mo kàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọjọ́ méjì. Ní ìgbà kẹrin, ó fi ọwọ́ gba ara ilẹ̀kùn náà kọjá, ó ní, “Ó ń bọ̀,” ó sì lọ jẹun. Ìyẹn ni ìyìn tí ó tóbi jù lọ tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ohun méjì ni ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi wọ́n sọ́kàn.

Èkíní ni ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀. Igi ìrókò pẹlẹbẹ ni, tí ó ti ń dán nítorí ọwọ́, tí ó sì fi ọ̀bẹ kọ ilà sí lára. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀ ni ó ti jogún rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, òun ni ó ń gbé e bọ̀. Bí ó bá ń rìnrìn-àjò, a lè lò ó níbi tí ó bá fi sílẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Ọ̀pá tí ó bá ń kiri, irọ́ ni yóò kọ́ bọ̀.”

Èkejì ni àṣà òjò àkọ́kọ́. Bí a bá kan òrùlé tuntun, onílé kò tí ì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ lé e, Ọ̀gá a gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, àwa ọmọ iṣẹ́ a tẹ̀lé e, a ó jókòó sábẹ́ òrùlé náà títí òjò yóò fi dá. Bí ó bá jò, àwa ni yóò jò lé. Bí ó bá wó, àwa ni yóò wó lé. Lẹ́yìn náà ni yóò fún onílé ní kọ́kọ́rọ́. Ó máa ń sọ pé, “Òjò àkọ́kọ́ kì í ṣe ti onílé. Ti ẹni tí ó kàn án ni.”

Ọdún méje ni mo lò bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kéde ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí gbogbo àdúgbò sì ń sáré kọ́ kíláàsì. Iṣẹ́ pọ̀ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yẹ ilé wò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìwé-ẹ̀rí àti àwòrán òrùlé tí a yà pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà àti ìǹṣì. Ọ̀gá kò mọ̀wé. Èmi náà kò mọ̀ ju kí n kọ orúkọ mi lọ. Mo rí i pé bí n kò bá wá nǹkan ṣe, ìṣó nínà ni a ó padà sí, èmi àti ọ̀gá mi.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó súnmọ́ wa jù lọ wà lẹ́yìn ààlà, ní apá Àríwá, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ìgbómìnà bíi tiwa ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní àárọ̀ ni àwa náà ń kí. Àmọ́ àwọn wà ní Ẹkùn Àríwá, àwa wà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ohun tí ó sì wà láàárín wa kò ju pátákó kan lórí òpó lẹ́yìn Ọ̀rà, àti àwọn agbowó-orí tí ń dúró lábẹ́ igi nítòsí rẹ̀.

Mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì alẹ́ wọn, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Bí a bá ti palẹ̀ mọ́ ní ibi iṣẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, àwòrán yíyà, àti rúlà. Ará Ìlá pè mí ní Ará-Àríwá. Àwọn ti ẹ̀yìn ààlà pè mí ní Ará-Ìlá. Súlè, bíríkìlà tí ó máa ń mọ ògiri fún Ọ̀gá, ni ó le jù nínú wọn. Bí ó bá rí mi lórí kẹ̀kẹ́, a kígbe pé, “Ẹ yà fún un o! Ọkùnrin tí ó ní ilé ní ìhà méjì, tí kò rí ìkankan sùn!”

Ọdún kìíní rọrùn, nítorí alẹ́ ni, kò sì wọ́n. Ọdún kejì ni ìwé-ẹ̀rí wà, ojúmọmọ ni wọ́n sì ń kọ́ ọ, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní láti mú ìwé wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tàbí ìjọba tí yóò dúró fún owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé náà kí oṣù kẹjọ tó parí, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tiwa. Akọ̀wé ka ìwé mi dáadáa, ó sì yẹ́ mi sí. Ó ní, “Arákùnrin, ìjọba ń ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ síbí kò sí ní ẹkùn wa. Ẹ wá èyí tí ó wà ní ẹkùn wa.” Èyí tí ó wà ní ẹkùn wa jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ní lè máa padà wá wo ìyá mi.

Mo wá lọ sí ti ẹ̀yìn ààlà. Akọ̀wé tiwọn kò tilẹ̀ ka ìwé mi. Ó na ọwọ́. “Rìsíìtì owó orí rẹ?”

Mo fún un. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Ti Ìlá nìyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìlá ni mo ń gbé.”

“Tí ìyàwó bá ń se ọbẹ̀ ní ilé kan, ṣé ilé kejì ni ó ti ń bu ẹran? Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gba owó orí rẹ.”

Ní ọjọ́ kan náà, bí mo ṣe ń padà, agbowó-orí tí ó wà lábẹ́ igi dá mi dúró. Ó ní bí mo bá ń kọ́ṣẹ́ ní ẹkùn tiwọn, kí n san owó orí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó di kẹ̀kẹ́ mi mú títí oòrùn fi wọ̀. Mo dúró níbẹ̀ láàárín òpó kan àti igi kan, mo rò ó pé n kò jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lójú ọ̀nà yẹn lónìí, bí ẹ bá fẹ́ gba ìrànwọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé yín ni wọ́n ń wò tàbí ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi kọ́ ìyẹn.

Ilẹ̀kùn kẹta ṣí láti ibi tí n kò fojú sí. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní àdúgbò wa ní Ìlá gbé kíláàsì méjì fún Ọ̀gá láti kan òrùlé rẹ̀. Alága wọn, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, gbọ́ nípa mi. Ó pè mí. Ó ní àwọn yóò dúró fún mi ní ọdún kejì, lábẹ́ ohun méjì: kí n kan òrùlé náà dáadáa, kí n sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ bí mo bá gba ìwé-ẹ̀rí. Ó ti jẹ́ kí akọ̀wé tẹ ìwé náà. Ó fi hàn mí, ó ká a, ó sì tì í bọ àpò agbádá rẹ̀. “Ní ọjọ́ ìyàsímímọ́ ni n óò buwọ́ lù ú,” ni ó wí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n pe Ọ̀gá lọ sí Ìrẹ̀sì láti tún òrùlé kan ṣe tí ó ń jò. Ó ti bá Súlè wọn ògiri pẹ̀lú ọ̀pá, ògiri sì ti dúró. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́, ó sì fi mí ṣe olórí. Férémù mẹ́wàá ni òrùlé náà gbà, igi tí a kàn pọ̀ ní igun mẹ́ta láti gbé páànù. Mo gé mẹ́fà ní Ìlá, mo fi ọ̀pá wọ̀n wọ́n, wọ́n bá ògiri mu rẹ́gí.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Olùkọ́ mi lẹ́yìn ààlà sọ fún mi pé òun kò lè gbà mí sí ọdún kejì láì rí iṣẹ́ gidi tí mo ṣe lójú òun. Mo rò ó pé n óò fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì. Mo kó pákó férémù mẹ́rin tí ó kù sínú lọ́rì iṣu kan, mo lọ gé wọn nínú ṣọ́ọ̀bù ilé-ẹ̀kọ́ náà. Rúlà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀gá kò gbọdọ̀ kúrò níbi iṣẹ́, n kò sì tí ì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà rí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìdí ọ̀pá náà lélẹ̀, orí rẹ̀ kan ìgbáròkó mi. Mo gbé rúlà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi. Ó kan ìgbáròkó mi. Mo ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi tí mo máa ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, ara mi ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní ọjọ́ tí a gbé férémù mẹ́rin náà sórí ògiri kíláàsì kejì, wọn kò dé àárín ògiri. Etí rẹ̀ ti inú ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé, bí ọmọ tí ó jókòó sí etí kànga. Súlè wò ó láti ìsàlẹ̀.

“Oyèdìran! Igi rẹ kúrú bí ṣòkòtò èṣí.”

“Pa ẹnu rẹ dé, Súlè.”

“Ẹnu mi kọ́ ni ó gé e o.”

Ọ̀sẹ̀ kan ni ó kù sí ọjọ́ ìyàsímímọ́. Kò sí pákó mọ́. Bí mo bá ránṣẹ́ sí àwọn tí ń la pákó nínú oko, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Mo ro ìwé tí ó wà nínú àpò Alága. Mo gé igi kéékèèké, mo fi lé orí àwọn tí ó kúrú, mo fi pátákó pẹlẹbẹ dè wọ́n, mo kàn wọ́n ní ìṣó mẹ́rin mẹ́rin. Mo fi páànù bò ó. Láti ìta, ó dára. Súlè kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó kàn ń wò mí, ìyẹn sì le ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ọ̀gá dé láti Ìrẹ̀sì ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú ìyàsímímọ́. Ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Alága àti akọ̀wé rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń to àga, Súlè sì ń fọ irinṣẹ́ rẹ̀ ní ìta. Ọ̀gá yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì wo sánmà.

“Ó ti ń bọ̀,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí a wọlé.”

Kíláàsì kejì ni ó wọ̀. Ó fi ọ̀pá ti ara ògiri, ó gbé àpótí sí àárín gbùngbùn, ó jókòó. Alága àti akọ̀wé dúró sí ẹnu-ọ̀nà. Èmi kò wọlé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí gbé eruku, mo sì gbọ́ nǹkan kan tí kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́: ìṣó tí ń pariwo nínú igi.

“Ọ̀gá,” mo wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jókòó sí kíláàsì kìíní.”

“Kí ló dé? Ṣé òjò kò ní rọ̀ dé ibí ni?”

“Yóò rọ̀, Ọ̀gá.”

“Ó dára. Wọlé wá jókòó.”

Mo wo Alága. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò agbádá rẹ̀, lórí ìwé náà. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ ìwé parí. Mo mọ̀ pé bí n kò bá là á, ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé yóò dúró. Ẹ̀yin ọmọ mi, “ó lè jẹ́” yẹn ni ó ń pa ènìyàn.

“Ọ̀gá, mo fi igi lé igi.”

Kò gbójú sókè. “Mélòó?”

“Mẹ́rin.”

“Èwo ni?”

“Àwọn tí ó wà lórí yín yẹn.”

Ó dìde wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Alága, ẹ jáde. Akọ̀wé, jáde. Oyèdìran, kúrò lẹ́nu-ọ̀nà!” Gbogbo wa sáré sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Òjò ti dé, pẹ̀lú ìjì tí ó ń ti ènìyàn. Nígbà tí mo yíjú padà, Ọ̀gá kò sí lẹ́yìn mi. Ó ti padà wọlé lọ mú ọ̀pá rẹ̀.

Mo kígbe orúkọ rẹ̀ gan-an, láì sọ Ọ̀gá, láì sọ Bàbá. N kò tí ì ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ti dé ẹnu-ọ̀nà nígbà tí ìjì gbé páànù náà sókè, bí ọwọ́ ṣe ń ṣí ìdérí ìkòkò, tí àwọn férémù náà sì yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kẹ́yìn fẹ́gbẹ̀ẹ́ gbá a. Ó na ọwọ́ ọ̀tún láti gbà á, igi náà sì fún ọwọ́ náà mọ́ òpó ilẹ̀kùn.

Èmi àti Súlè ni a fà á jáde. Ìka méjì fọ́ yángá. Ọ̀pá ìrókò náà dá sí méjì. Súlè, tí kì í dákẹ́, ń sọ pé, “Ọlọ́run má ṣe é, Ọlọ́run má ṣe é,” títí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Alága dúró nínú òjò pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Kó tó lọ, ó yọ ìwé náà, ó wò ó, ó tún tì í bọ àpò.

“Ìwé yìí,” ni ó wí, “n kò ní ya á. N kò sì ní buwọ́ lù ú.”

Ọ̀gá kò bá mi wí. Ní ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ti di aṣọ funfun mọ́, ó ní kí n kó ọ̀pá tí ó dá sí méjì náà wá, kí n sì mú rúlà mi dání. Mo fi orí kan orí lórí ilẹ̀, mo sì wọ̀n wọ́n.

“Mélòó?”

“Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ìǹṣì méjì, Ọ̀gá.”

“Ìyẹn ni,” ni ó wí. “Gbogbo ọ̀pá kan tí o wọ̀n, ìǹṣì méjì ni o fi sílẹ̀.” Ó tún ní, “Èmi náà jẹ̀bi. Ọ̀pá tí n kò jẹ́ kí ó jáde, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀pá mìíràn?” Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi rúlà wọn ohun gbogbo. Kò tún fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ayùn mú mọ́ láyé. Mo ti lo irinṣẹ́ púpọ̀ láti ìgbà náà: ayùn onímọ́tò tí ń gé lọ́jọ́ kan ohun tí ènìyàn mẹ́fà ń gé ní ọ̀sẹ̀ kan, igi tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, páànù gígùn tí kì í ní oríkèé. Mo ti rí i tí ẹkùn di ìpínlẹ̀, tí wọ́n yí orúkọ ìpínlẹ̀ padà, tí pátákó tí ó wà lẹ́yìn Ọ̀rà sì gba ọ̀dà oríṣiríṣi. Mo ti kọ́ ọmọ ìhà méjèèjì ní iṣẹ́ yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ni ó kù kí n sọ.

A tún òrùlé náà kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni mo wá pákó náà, èmi ni mo gé e, Ọ̀gá jókòó sórí àpótí ó ń darí mi pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Súlè tún ògiri mọ, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a kan páànù tí ó kẹ́yìn, oṣù keje ti ń lọ sópin. Ọ̀dá kékeré tí ó máa ń wà láàárín àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò sì bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ bá Alága. Mo ní, “Bàbá, òrùlé ti dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́yìn ààlà yóò ti ìwé wọn ní òpin oṣù tí ń bọ̀.”

Ó ní, “Òjò ti rọ̀ lé e bí?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ó dára.” Ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí wo sánmà. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ogún ọjọ́. Sánmà mọ́ bí àwo tí a fọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run nítorí àgbàdo, èmi ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ìwé. Nígbà tí ó ku ọjọ́ márùn-ún, Súlè fi korobá méjì há apá. “Ẹ jẹ́ kí a pọn omi dà sórí rẹ̀ jàre. Omi kò ha jẹ́ omi bí?”

Ọ̀gá ní, “Òjò tí a bá pọn kò ní atẹ́gùn nínú.”

Ó ku ọjọ́ méjì nígbà tí ìkùukùu kan dìde ní ọ̀sán gangan. Ọ̀gá gbé àpótí. Mo gbé tèmi. A wọ kíláàsì kejì, a jókòó sí àárín, ní ibi tí ó jókòó sí nígbà náà gan-an. Súlè náà wọlé, ó ní, “Bí ó bá wó, kí ó kúkú wó lé bíríkìlà náà.” Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Mo ń ka férémù lókè, ọ̀kan títí dé mẹ́rin, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Òjò ti ń lu páànù nígbà tí ẹnì kan di ojú ọ̀nà. Alága ni. Ó gbé àpótí tirẹ̀ dání. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀gá, ó jókòó, ó sì gbójú sókè bíi tiwa.

Òjò náà rọ̀ bí ẹni pé ó jẹ wá ní gbèsè oṣù kan. Igi kò dún. Nígbà tí ó fẹ́ dá, Alága yọ ìwé náà, tí ó ti gbó níbi tí ó ti ká a, ó gbé e lé orúnkún, ó ní, “Òjò ni mo ń dúró dè.” Bí ó ti ń buwọ́ lù ú, ẹ̀kán omi kan já láti òkè, ó bọ́ sórí orúkọ rẹ̀, tàdáwà sì tàn ká.

A jọ gbójú sókè. Ọ̀gá ní, “Ihò ìṣó kan ni. A ó dí i lọ́la.”

“Ẹ dí i lónìí,” ni Alága wí. Èmi ni mo gun òkè lọ, mo dí i, kí n tó gun kẹ̀kẹ́.

Mo dé ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ààlà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń múra láti ti ọ́fíìsì. Olùkọ́ mi, tí ó ti gbọ́ ohun gbogbo, gba ìwé náà. Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó wo ibi tí tàdáwà ti tàn.

“Kí ni ó da omi sí èyí?”

“Òjò ni, sà.”

Ó kọjú sí mi. “Òrùlé náà ńkọ́?”

“Ó dúró, sà.”

Ó fi ìwé náà sínú fáìlì.